Ègbè Ló Lorin

Mi ò tíì dárí jì í. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn àjò rẹ̀ ló máa ń fi ìdáríjì kádìí rẹ̀, kí àwọn tó ń gbọ́ lè fọkàn balẹ̀ lọ sílé. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún ti gorí ọdún, mo ti bímọ mẹ́ta sí Agége, orí mi ti ń funfun, síbẹ̀ bí ohùn Fọlákẹ́ bá jáde lórí rédíò, dídìde ni mo máa ń dìde lọ pa rédíò náà.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní òdìkejì ààlà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ ìwé, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá gbé ayé wọn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo wá sí Èkó, láyé àwọn ológun. Lójú tèmi, mi ò kúrò nílé. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ Odùduwà ni Alákétu, nítorí náà mo gbà pé ilé ẹ̀gbọ́n ni mo ti ń lọ sí ilé àbúrò. Ọjọ́ kejì tí mo dé Agége ni mo tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ìyá Sèídù, ẹ wá gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń sọ Yorùbá." Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí Àgànyìn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.

Ó bu omi fún mi o, omi tútù, nínú kọ́ọ̀pù tó mọ́. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́, ohùn mi tún pa á lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ níwọ̀nba. Bí mo bá fẹ́ ra nǹkan, mo máa ń fi ìka tọ́ka sí i.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ló gbà mí síṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ni wọ́n fi mí sí. Àwa obìnrin bí ogún la máa ń dúró yí tábìlì gígùn kan ká, a ó yẹ aṣọ wò bóyá ó ní àlébù, a ó sì ká a. Màmá Ràfátù ni olórí wa. Ará Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí, obìnrin kúkúrú tí kì í jókòó. Wọ́n ní ẹ̀rọ olókàásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé sínú báàgì láti fi gba wáàsí sílẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Lápá òsì mi, Fọlákẹ́ ló ń dúró.

Kútọnu ni wọ́n ń pè mí nídìí tábìlì náà. Mi ò dé Kútọnu rí títí di òní. Mo sọ fún wọn títí pé Kétu ni mo ti wá, wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé mo wà láàárín àwọn tó ń sọ èdè mi, tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú onílùú pè mí.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹni tí mo ń bá bínú: Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ fi orúkọ mi pè mí. Òun ló ní kí n wá bá òun gbé nínú yàrá kan tó gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló wẹ̀ mí. Aládùúrà ni wọ́n nílé wọn, ó sì máa ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Àpótí kan náà la jọ ń kó aṣọ àti ìwé wa sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá a máa rò pé ìyá kan náà ló bí wa.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn fadá ni tẹlifóònù wà ní Kétu. Bí mo bá pè, wọn á rán ènìyàn lọ pe ìyá mi, n ó dúró díẹ̀, n ó tún pè. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá mi. Mo ní mò ń jẹun yó. Mo ní àwọn ará Èkó fẹ́ràn mi. Àwọn náà á ní ara àwọn le koko. Bí a bá ti purọ́ fún ara wa tán, a ó máa gbọ́ bí ẹnì kejì ṣe ń mí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mú wá láti ilé, tí ẹnikẹ́ni ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ni orin ìyá àgbà mi. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, nítorí ìyá mi máa ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n kú, àwa ọmọ-ọmọ ṣe orin fún wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní agboolé wa. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń dá orin kì í pe orúkọ òkú. Ìbéèrè nìkan ló máa ń bi. Ègbè ló ń fi orúkọ dáhùn, bí ègbè ò bá sì tíì dáhùn, ẹni tó ń dá orin ò gbọdọ̀ kọjá síwájú. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ń dá a dákẹ́, ẹnì kan nínú ègbè lè gba orin náà dá, ẹni tó dákẹ́ á sì di ègbè. Àwọn àgbà wa ní ẹnì kan lè kú, ó lè ṣí lọ, ó lè dalẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fi orúkọ òkú sí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ní ègbè ló lorin.

Bí orin náà ṣe lọ nìyí:

Ta ló tọ́ mi tí mo fi mọ̀ ọ́n rìn?
Àṣàkẹ́ ni, ọmọ Alákétu.
Ta ló pọ̀n mí lọ́jọ́ tójò ń rọ̀?
Àṣàkẹ́ ni, ọmọ Alákétu.
Ta ló fẹ́ná títí ojú fi pọ́n?
Àṣàkẹ́ ni, ọmọ Alákétu.

Ọjọ́ kan tí iná lọ ní ilé-iṣẹ́, tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, ni mo kọ́kọ́ dá a nídìí tábìlì. Kí n tó mọ̀, gbogbo obìnrin náà ti gbè é. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti lọ báyìí, Màmá Ràfátù á ní, "Kútọnu, pe ìyá ẹ wá." N ó bi ìbéèrè, wọn á dá mi lóhùn. Ọdún méjì gbáko ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì fi ń pe ìyá àgbà mi ní Ìkẹjà, àwọn tó jẹ́ pé wọn ò pè mí ní orúkọ tèmi. Fọlákẹ́ ni ohùn rẹ̀ máa ń dùn jù nínú wọn.

Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ wọ́n gógó, àwọn ènìyàn sì ti pa aṣọ tuntun tì, òkìrìkà ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń dá wa dúró ní méjì méjì. Fọlákẹ́ ò dúró kí wọ́n dé orí òun. Ọkùnrin kan tó ń ṣe àwo orin gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mú un lọ. Mo bá a di ẹrù rẹ̀. Mo sunkún nígbà tó ń lọ, mo sì gbàdúrà fún un.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe.

"Ṣé ìwọ lo tà á?" Ohun tí wọ́n fi kí mi nìyẹn lórí tẹlifóònù.

"Kí ni mo tà, Ìyá?"

"Orin ìyá mi. Wọ́n ń gbé e sí afẹ́fẹ́ ní rédíò Nàìjíríà, a sì ń gbọ́ ọ níbí. Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè nínú ẹ̀. Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀ní?"

Ìyá Fọlákẹ́ ló ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Mo kọ orin náà lọ́kàn mi níbẹ̀, mo rí i pé orúkọ náà bọ́ sínú rẹ̀ wẹ́kú: Àbẹ̀ní ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Kò sí ibi tó yẹ̀ sí.

"Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀, Ìyá."

"O ò mọ̀. Gbogbo ìlú ń wò mí bí ẹni tó sìnkú ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ gba orúkọ ìyá mi wá. Tí o ò bá tíì gbà á, má pè mí mọ́."

Wọ́n gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Mo lọ bá Fọlákẹ́ ní ilé tuntun tó gbà ní Ìkẹjà. Ó gbà mí tayọ̀tayọ̀, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Mo ní mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa jẹ èrè orin náà lọ, kí ó ṣáà dá orúkọ padà.

"Àwo ti jáde, kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ó ní. "Ta ló mọ Àṣàkẹ́ l'Ékòó níbí?"

"Èmi mọ̀ wọ́n."

"Ìwọ náà ńkọ́, ta ló mọ̀ ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín obìnrin tó ń ta búrẹ́dì yẹn gan-an. "Kútọnu, rọra. Má jẹ́ n sọ nǹkan tí mo mọ̀ nípa pépà ẹ."

Òun náà wá pè mí ní Kútọnu. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ tí mo ní sí i ti kú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àwọn tó ń yẹ ìwé àjèjì wò dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, wọ́n bèèrè mi. Wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ìwé mi parí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè mọ ọjọ́ náà, ẹni tí a jọ ń kó ìwé sínú àpótí kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà ní àtìmọ́lé. Màmá Ràfátù ló ń gbé oúnjẹ wá, àwọn náà ló dúró fún mi títí mo fi gba ìwé tuntun. Kí n tó jáde, ilé-iṣẹ́ ti dá mi dúró. Wọ́n ò rántí gba káàdì ìdánimọ̀ mi, èmi náà ò rán wọn létí.

Ilé búrẹ́dì kan ní Agége ni mo wá ń ṣiṣẹ́, mò ń po ìyẹ̀fun. Ojú Fọlákẹ́ ni mo máa ń rí nínú ìyẹ̀fun náà, mo sì máa ń fi ẹ̀ṣẹ́ bò ó títí á fi rọ̀. Àwọn oníbàárà ní búrẹ́dì wa dán mọ́rán. Oṣù mọ́kànlá ni mi ò fi gbọ́ ohùn ìyá mi. Ní ọjọ́ tí mo máa ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, n ó rìn dé iwájú ilé tẹlifóònù, n ó dúró, n ó padà. Ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì, bí ilé ò bá tún gbà á mọ́, kò ní ibi tó wà. Fọlákẹ́ ló fi mí sí ipò yẹn, mo sì bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kí ó fi í lé mi lọ́wọ́.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fi ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé olórin kan ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà nítòsí GRA ní Ìkẹjà, Fọlákẹ́ ni yóò sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní òun kì í gbàgbé ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, kí gbogbo obìnrin tó bá òun ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ mú káàdì wọn wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn ò ní san kọ́bọ̀, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọn yóò jókòó sí.

Ọjọ́ kejì ni Màmá Ràfátù wá bá mi ní ilé búrẹ́dì.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Káàdì ẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n mi orí. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ti gbàgbé pé àwa la máa ń gbè é."

A ò ṣe ìpàdé kankan. Màmá Ràfátù kàn ń lọ láti ilé obìnrin kan sí òmíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bi wọ́n: "Ta ló tọ́ ẹ?" Ẹni tó bá dáhùn dáadáa, wọ́n á ní kó múra. Kò sí ẹni tó ṣì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wẹ̀, mo fi kànrìnkàn ha ìyẹ̀fun kúrò ní èékánná mi, mo wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí mi. Àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì kún iwájú gbọ̀ngàn náà, àwọn dẹ́rẹ́bà dúró tì wọ́n. A fi káàdì hàn, wọ́n ní ká gba ẹ̀yìn. Atẹ́gùn inú ibẹ̀ tutù débi pé òtútù mú wa. Ọ̀gágun kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí iwájú pátápátá, àwọn sójà méjì dúró tì wọ́n. Màmá Ràfátù gbé ẹ̀rọ olókàásẹ́ẹ̀tì wọn lé itan, wọ́n fi gèlè bò ó.

Fọlákẹ́ jáde, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n kọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ìyẹn ló sì tún bí mi nínú. Ìtàn eré náà ni ti ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ tó di olórin. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kútọnu. Ọkùnrin kan ni wọ́n wọ aṣọ obìnrin fún, ó wé gèlè wọ́gọwọ̀gọ, ó ń fi imú sọ̀rọ̀, ó ń ṣubú lu aṣọ. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan lára wa lẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Ara mi gbóná bí ẹnu ààrò. Mo fẹ́ dìde.

Màmá Ràfátù fi ọwọ́ tẹ orúnkún mi. "Jókòó," wọ́n ní. "Má tíì ná ìbínú ẹ."

Ìgbà tí eré fẹ́ẹ̀ parí ni wọ́n pa iná tó kù, tí Fọlákẹ́ nìkan dúró sínú ìmọ́lẹ̀. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun ní orin tí òun fẹ́ kọ yìí. Ó ní gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, kí wọ́n bá òun gbè é. Màmá Ràfátù tẹ ẹ̀rọ wọn.

*Ta ló tọ́ mi tí mo fi mọ̀ ọ́n rìn?*

Àwọn ará iwájú dáhùn pé Àbẹ̀ní ni. Láti ẹ̀yìn, àwa dáhùn pé Àṣàkẹ́ ni. A ò pariwo. A gbè é bí a ti máa ń gbè é nídìí tábìlì, lóhùn ìsàlẹ̀, ohùn obìnrin tó ti dúró láti àárọ̀. Orúkọ méjèèjì dàrú mọ́ra. Fọlákẹ́ gbé ojú sókè díẹ̀, ó ń bá orin lọ.

*Ta ló pọ̀n mí lọ́jọ́ tójò ń rọ̀?*

Lọ́tẹ̀ yìí, tiwa ló wúwo jù. Àwọn tó wà láàárín gbọ̀ngàn gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn, wọ́n rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn, wọ́n bá wa gbè é. Ọ̀gágun dìde. Kì í ṣe Yorùbá, kò mọ ohun tí a ń sọ, ohun tó gbọ́ tó le jù ló ń tẹ̀ lé. Ó ń jó, ó ń ju áńkáṣífù, ó ń pariwo pé, "Asake ni! Asake ni!" Fọlákẹ́ wo àwọn onílù bí ẹni fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ta ló jẹ́ dáwọ́ ìlù dúró fún ọ̀gágun tó ń jó, láyé ìgbà náà?

Ó ku ìbéèrè kan. Mo dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì. Fọlákẹ́ la ẹnu, ó rí mi, ó pa ẹnu dé.

Ìlù ń lọ, ó ń padà, ohùn kò jáde. Ẹni tó ń dá orin ti dákẹ́. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, bí agboolé wa ti ń ṣe é, pẹ̀lú ohùn Kétu mi tí wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín tó:

*Ta ló fẹ́ná títí ojú fi pọ́n?*

Àwọn obìnrin tèmi kò dáhùn. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwa ló kàn, ẹni tó dákẹ́ ni. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí orí ìtàgé. Ọ̀gágun náà yíjú sí i, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń dúró. Mo dúró. Mi ò mọ iye ìgbà tí onílù lù ú yípo kí Fọlákẹ́ tó gbé ẹ̀rọ amóhùn-gbòòrò súnmọ́ ẹnu.

"Àṣàkẹ́ ni," ó wí, "ọmọ Alákétu."

Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ eré ni omijé tó wà lójú rẹ̀.

Ó ti ránṣẹ́ sí mi nígbà mẹ́ta láti ìgbà náà pé òun fẹ́ wá bẹ̀ mí. Mo fún ẹni tó rán ní búrẹ́dì, mo ní kó máa lọ. Àwo náà ṣì ń pe Àbẹ̀ní lórí rédíò títí di òní, ìdí tí mo fi ń pa á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Agége tó ń gbè é lójú títì, Àṣàkẹ́ ni wọ́n mọ̀. Àwọn kan ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó sọ mí di ará Èkó. Bóyá. Ó wù mí kí n sọ pé ayọ̀ orúkọ ìyá àgbà mi ló kún inú mi jù lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ṣùgbọ́n ìtìjú Fọlákẹ́ ló dùn mọ́ mi jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Màmá Ràfátù, mo gbé e lọ sí ilé tẹlifóònù. Wọ́n lọ pe ìyá mi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé tẹlifóònù, wọn ò kí mi, èmi náà ò kí wọn. Mo gbé ẹ̀rọ sí ẹnu tẹlifóònù, mo tẹ̀ ẹ́. Orin náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí èmi ti bi ìbéèrè, ó dé ibi tí ìlù ti ń dá nìkan lọ, Fọlákẹ́ dáhùn, gbọ̀ngàn hó, lẹ́yìn náà ni ohùn àáfà tó ń ṣe wáàsí, èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀, gba orí rẹ̀. Mo pa á.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé ọmọ náà ló dáhùn kẹ́yìn yẹn?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ṣé ó ń sunkún?"

"Ó ń sunkún, Ìyá."

"Dá a padà sẹ́yìn," wọ́n ní. "Jẹ́ kí n tún gbọ́ ibi tó ti ń sunkún."